Abọ́ Ẹyin Àkúrẹ́

Ìyá bàbá mi, Adéjọkẹ́, pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin kí ó tó jẹ odidi ẹyin kan láyé rẹ̀. Adìẹ méje ló ń sìn lẹ́yìnkùlé ní Oǹdó.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ sọ fún un pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Nígbà tó di tíṣà, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Gbogbo àárọ̀ ló ń se ẹyin kan fún Jíbọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kí ó tó lọ sílé ìwé. Àwọn tó bá ṣẹ́ kù, á tà wọ́n, á fi ra ìwé fún un. Jíbọ́lá kò jalè. Òun ni bàbá mi. Àkúrẹ́ ló ń gbé, ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan sí ilé ìyá rẹ̀, kò sì débẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ó tẹ̀ ẹ́ láago, lóòótọ́. "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹyin mọ́ o. Ó ń fa àrùn ọkàn. Orí fóònù ni mo ti kà á." Ó rò pé Màmá ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò bi í.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń kó ẹyin sínú abọ́ kan tó ń pè ní abọ́ Àkúrẹ́, de Jíbọ́lá. Bí wọ́n bá bàjẹ́, á rì wọ́n mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ògì ló ń mu láàárọ̀, ògì náà ló ń mu lálẹ́. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì rẹ̀. Ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó sórí èkejì.

Nígbà tí mo débẹ̀ lóṣù Kẹjọ, aago ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ lọ dé ìgúnpá. Mo mú un lọ bá Dókítà Bísọ́dún, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Màmá, ọkàn yín ò ṣe nǹkan kan. Oúnjẹ gidi lẹ ò jẹ. Ẹyin kan lójúmọ́ ò ní pa yín lára. Iyọ̀ àti òróró tẹ́ ẹ máa fi dín in ni kẹ́ ẹ ṣọ́."

"Jíbọ́lá ní ó ń pààyàn."

"Ṣé dókítà ni Jíbọ́lá?"

"Ọmọ mi ni."

Nílé, mo se ẹyin méjì, mo gbé wọn síwájú rẹ̀. Ó wò mí.

"Ìwọ tó o kàwé oúnjẹ ní Àkúrẹ́, ṣé adìẹ ló kọ́ ẹ ni?"

"Ẹ jẹ ẹ́, Màmá."

"Ohun kan ṣoṣo tó ní kí n ṣe láti ọdún mẹ́ta rèé. Bí mo bá jẹ ẹ́, kí ló kù tí mò ń ṣe fún un?"

Màmá mú fóònù rẹ̀. Ó pe Jíbọ́lá. Ìgbà kẹta ló tó gbé e.

"Màmá, mo wà nípàdé."

"Ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn ni mo fẹ́ bi ẹ́..."

"Ẹyin wo?"

Jíbọ́lá pa fóònù.

Màmá gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó fọ́ ẹyin kan mọ́ etí tábìlì, ó bó o, ó jẹ ẹ́ tán láìfi iyọ̀ sí i.

"Bó ṣe ń rí lẹ́nu nìyí," ló sọ. Ó nawọ́ sí èkejì.

Lọ́jọ́ kejì, ó fọ abọ́ Àkúrẹ́, ó fi bu àgbàdo fún àwọn adìẹ.