Bí Mo Ṣe Fi Ìka Wá Iye Iṣu ní Forest Lawn

Dọ́là mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni bàtà ajá. Mi ò purọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń tà pọ̀, pupa fòò, pẹ̀lú rọ́bà nísàlẹ̀ kí snow má baà jẹ ajá lẹ́sẹ̀. Oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Mahogany, níbi tí ilé tuntun ti yí adágún ká, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ iye rẹ̀ fún mi. Káyọ̀dé lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Ẹnjiníà ni mo máa ń pè é, torí iléeṣẹ́ epo ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí epo lówó lórí, kì í béèrè iye iṣu. Á kàn nawọ́ sí páálí, á ní, "Mummy Dámi, ẹ bá mi gbé méjì sínú mọ́tò." Ajá rẹ̀ á sì máa fi bàtà pupa yan níwájú ṣọ́ọ̀bù mi bí ìyàwó tuntun.

Lọ́jọ́ kan nínú òtútù, ó wọlé, ó dúró síwájú iṣu, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Mummy Dámi, èló lẹ máa gbà gan-an?"

Mo wo ẹsẹ̀ ajá. Ẹsẹ̀ lásán ni.

"Ẹnjiníà, wọ́n ti dá yín dúró níbi iṣẹ́."

"Háà! Ta ló sọ fún yín?"

"Ajá yín ni."

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó epo tó wálẹ̀, tí rédíò ń sọ, ti dé orí iṣu mi. Mo rò pé tàwọn òṣìṣẹ́ epo nìkan ni. Èmi ń ta gàrí, pọ̀nmọ́, ẹja gbígbẹ àti iṣu ní International Avenue, ní àdúgbò Forest Lawn ní Calgary, Canada; kí ló kàn mí nínú àgbá epo? Àṣé àgbá epo yẹn ló ń gbé gbogbo wa sórí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣu fún ẹni tí kò tà á rí. Láti Ghana ló ń bọ̀. Á gba ojú omi, á dé Toronto, ọkọ̀ akẹ́rù á gbé e la snow kọjá títí dé ọ̀dọ̀ wa. Gbàrà tí òtútù bá ti kàn án, ó ti ń kú lọ. Á rọ̀ lórí, á máa sunkún, ẹ ò sì ní lè gún un. Mo ti ra ọgọ́rin páálí sílẹ̀, àádọ́rin dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó school fees ọmọ mi ni mo sì fi rà á. Lọ́dún tó ṣáájú, irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í pé nílẹ̀. Lọ́dún yìí, mo tà á ní àádọ́rùn-ún dọ́là lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́fà péré ló lọ. Mo já a sí ọgọ́rin lọ́sẹ̀ kejì, mẹ́sàn-án lọ. Márùndínláàádọ́rin jókòó tì mí, wọ́n ń wò mí.

Dámi lọmọ tí mò ń wí. Calgary níbí ni mo bí i sí, Grade 12 ló wà. Ó ń ṣe ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Math 31, òun ni wọ́n fi ń ti ọmọ wọ yunifásítì. Ìṣirò náà ti fẹ́ pa á.

"Mummy, I'm dropping it."

"Jù ú sílẹ̀. Èmi náà á ju school fees sílẹ̀, ká jọ máa ta gàrí."

Nítorí náà, nígbà tí mo bi Ẹnjiníà léèrè ohun tó wá ń ṣe báyìí, tó ní òun ń ṣe ìṣirò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ high school, etí mi là.

"Ìṣirò báwo?"

"Kì í ṣe èyí tí wọ́n máa kàn máa wò, Mummy. Wọ́n á fi ìka sún un, á máa yí padà lójú wọn."

"Èló lẹ ń tà á?"

"Ọ̀fẹ́ ni fún báyìí."

"Ọ̀fẹ́! Abájọ tẹ́ ẹ fi ń ná iṣu."

Ó rẹ́rìn-ín. A dúnàádúrà: á máa kọ́ Dámi ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé, màá fún un ní odindi páálí kan tó bá parí. Ó gbé iPad lé orí fírísà, láàárín ata gbígbẹ àti ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹja. Dámi káwọ́ gbera, ó ń wò ó bí ẹni ń wo adájọ́.

"Drag it," Ẹnjiníà wí.

"I'm just going to mess it up."

Èmi tí mò ń kọjá lọ gbé gàrí, mo na ìka mo kàn án. Ṣé ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló máa bẹ̀rù pé òun á ṣi ìṣirò ṣe? Ìlà kan wú sókè bí òkè, bọ́ọ̀lù pupa kan wà lórí rẹ̀, ìlà mìíràn tó gún régé sì fara ti bọ́ọ̀lù náà bí àkàbà tó fara ti ògiri. Bí mo ṣe ń ti bọ́ọ̀lù gòkè, àkàbà ń rọlẹ̀. Nígbà tó dé ṣóńṣó, àkàbà sùn gbalaja. Mo tì í kọjá, àkàbà dojú kọ ìsàlẹ̀. Mo dá a padà. Mo tún tì í. Obìnrin kan ń béèrè ẹja, mo ní kó fara balẹ̀.

"Kí ló dé tó fi sùn nígbà tó dé òkè?"

Dámi bú sẹ́rìn-ín. "Mummy, because you're not going up anymore, and you're not going down yet."

Ó wo iPad, ó wo Ẹnjiníà. "Wait. That's the derivative? That's all it is?"

"You said it, not me," Ẹnjiníà fèsì. Àṣé bí àkàbà yẹn ṣe ń gòkè tàbí rọlẹ̀ ni ìwé wọn ń pè ní derivative. Dámi sì gba bọ́ọ̀lù mọ́ mi lọ́wọ́.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹnjiníà, ẹ bá mi fi iṣu sínú nǹkan yìí." Ó bi mí ní iye tí mo rà á, iye tí mo tà á, mélòó ló lọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mélòó ni iṣu yẹn ṣì lè fara dà. Mo ní mẹ́rin. Nígbà tó padà wá ní Sátidé kejì, ó ti gbé òkè tèmi dání. Láti òsì sí ọ̀tún ni iye tí mo bá fẹ́ ta páálí. Láti ìsàlẹ̀ sókè ni èrè mi. Ibi tí èrè ti tán tí àdánù ti bẹ̀rẹ̀, ó kùn ún ní búlúù bí omi.

Gbogbo òkè náà ló wà nínú omi.

"Ẹnjiníà, òkè yín ti rì."

"Òkè yín ni, Mummy Dámi."

Mo gbé bọ́ọ̀lù lọ sí orí iye tó wọ́n jù. Ó rì sí i. Mo gbé e wá sí iye pọ́ọ́kú. Ó rì. Mo ń sún un kiri títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, mò ń wá ibi kan ṣoṣo tó máa ti yọ orí lómi.

"Ẹ gbé òkè náà sókè fún mi díẹ̀."

"Kò ṣeé gbé. Owó tẹ́ ẹ ti ná sórí iṣu ló fà á wálẹ̀, ìyẹn ti lọ."

Dámi rọra fi ìka ara rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù dé ibi tí àkàbà ti sùn. "Mummy, the top is still the top." Márùndínlọ́gọ́ta dọ́là ni. Tí mo bá tà á bẹ́ẹ̀, màá pàdánù ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin dọ́là ó lé márùndínláàádọ́rin. Tí mo bá padà sí àádọ́rùn-ún tí mo fẹ́ràn, àdánù á lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, iṣu á sì jẹrà sí mi lọ́rùn.

Ìyá mi tó kọ́ mi lọ́jà máa ń sọ pé ẹni tó bá tà sísàlẹ̀ iye tó rà, kó má ṣe é lójú ará ọjà. Ojú fèrèsé ni èmi kọ tèmi sí. Dámi ló bá mi kọ ọ́ gàdàgbà: YAM $55.

Ọkùnrin kan wọlé, ó gbọn snow nù lára, ó ní, "Mummy, ṣé iṣu yìí ò níṣòro? Ó ti pọ́ọ́kú jù."

"Ó yè ju iṣẹ́ yín lọ."

"Wọ́n ti dá mi dúró, ma."

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ gbé kan."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó gbé kan. Lọ́sẹ̀ kejì ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá.

Dámi kò ju Math 31 sílẹ̀. Títí dòní, tí mo bá fẹ́ já owó ọjà, bọ́ọ̀lù pupa yẹn ni mo ń rí lójú. Àmọ́ iPad kò mọ òtútù, kò sì mọ àdéhùn. Nínú iṣu tó kù, páálí mẹ́ta rọ̀ lórí, mo dà wọ́n nù. Ìyókù tà tán ní márùndínlọ́gọ́ta, àfi ọ̀kan tí Ẹnjiníà gbé lọ sí Mahogany gẹ́gẹ́ bí owó ẹ̀kọ́ Dámi, ajá ń sáré níwájú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán. Ó yọ owó, mo ní kó fi ra bàtà méjì fún ajá, kí méjì yòókù ṣì máa ṣe sùúrù. Dámi gbé gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó rò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un rò, ó ka iye tí mo pàdánù fún mi: ẹgbẹ̀rún kan dọ́là, ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.