Ṣé Ó Sẹ́ Ni, àbí Ó Ṣẹ́?

Kí ògbufọ̀ náà tó sọ ohunkóhun, ó máa ń fi ẹ̀yìn àtàǹpàkò kan ètè òkè rẹ̀. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọ̀dà ara ògiri ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ọwọ́ kalẹ̀, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ tó ṣubú, kò ní irú ìṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ẹni tó wà níwájú adájọ́ kò bá gbọ́ Yorùbá, èdè ilé ẹjọ́, òun ni yóò dúró sí àárín. Wọn yóò sọ ọ́ fún un ní èdè kan, yóò dá a padà ní èkejì. Kì í fi kún un, kì í sì í yọ níbẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá bú adájọ́, òun náà yóò bú adájọ́, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Adájọ́ wá, adájọ́ lọ, ìjókòó kan náà ni tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ẹlẹ́rìí, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti máa ń kán omi sí i léjìká.

Àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ ló ṣe é. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún, kò tíì gbẹ, ògbufọ̀ sì kó fáìlì sí apá méjèèjì. Bó ṣe ń ṣubú, kò ju fáìlì sílẹ̀. Eyín iwájú mẹ́ta lókè ló lọ, inú ìwé ẹ̀sùn ẹnì kan ni wọ́n sì ti rí ọ̀kan nínú wọn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn akọ̀wé ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ ní Bàbá Fèrèsé.

"Bàbá Fèrèsé, ẹ rọra o, atẹ́gùn ń wọlé."

"Ẹ jẹ́ kó wọlé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ooru ń mú yín."

Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn kọ́ ló ń dà á láàmú. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé "s" kò jáde mọ́. Ibi tí ahọ́n ti ń fún atẹ́gùn mọ́ eyín, kò sí eyín níbẹ̀. Gbogbo "s" tó bá sọ, "ṣ" ni etí ń gbọ́.

Ẹjọ́ ọlọ́dẹ kan ló tú àṣírí rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ṣẹ́ ọ̀pá rédíò ara ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin náà ní rárá, òun kò fọwọ́ kàn án. Ògbufọ̀ dìde, ó fẹ́ sọ pé ó sẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyí:

"Ó ṣẹ́ ẹ, olúwa mi."

Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Lọ́yà ọlọ́dẹ fò dìde.

"Ògbufọ̀," ni adájọ́ wí, "ṣé ó sẹ́ ni, àbí ó ṣẹ́?"

"Ó ṣẹ́, olúwa mi."

"Èwo nínú méjèèjì?"

Ògbufọ̀ mi orí sọ́tùn-ún, ó mì í sósì. Gbogbo ilé ẹjọ́ rẹ́rìn-ín. Atẹ̀wé gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ orí mímì. Ó yẹ kí ògbufọ̀ kàn sọ pé "ó ní rárá", ṣùgbọ́n ìyẹn kò wá sí i lọ́kàn títí ó fi délé.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti sọ nǹkan, adájọ́ á kọ́kọ́ tún un sọ fún ara rẹ̀ kó tó kọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Ó kọ́kọ́ ra eyín àtọwọ́dá, irú èyí tí wọ́n ń yọ sínú ife omi bí wọ́n bá fẹ́ sùn. Ó fi ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ìbúra fún obìnrin kan kí ìyẹn máa tẹ̀ lé e, eyín náà já bọ́ sórí ahọ́n rẹ̀, ó sì parí ìbúra bí ẹni tó fẹnu gbé ẹyin gbígbóná. Obìnrin náà rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin ni, kò tó o lọ́jọ́ orí.

"Bàbá, mi ò lé yín o."

"Mo gbọ́, màdáámù."

"Ẹ lọ máa bá wọn to fáìlì ní yàrá fáìlì. Bí ẹnu bá ti dáa, ẹ padà wá, màá fún yín ní ẹjọ́ kan. Bí wọn ò bá bi yín ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́ẹ̀mejì, ìjókòó yín ń dúró dè yín. Bí wọ́n bá bi yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin tí màá fi dípò yín máa bá a lọ, kí ẹ̀yin wà ní yàrá fáìlì títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì."

"Ó tọ́," ló wí. Ìyẹn dún dáadáa. Kò sí "s" níbẹ̀.

Dókítà eyín fi àwòrán egungun ẹnu rẹ̀ hàn án lórí gíláàsì oníná. Ó ní àwọn yóò lu ihò sínú egungun náà, àwọn yóò yí ìṣó kéékèèké bọ̀ ọ́, èyí tí ara rẹ̀ rí bí ọrùn ìgò onídèérí. Egungun yóò hù yí i ká, yóò dì í mú. Ìyẹn yóò gba oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn yóò wá gbé eyín lé e.

"Ṣé kò ní já bọ́?"

"Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, àfi kí ẹ pe káfíńtà."

"'S' wá ńkọ́?" ló béèrè, bí ẹnu rẹ̀ ṣe lè sọ ọ́.

Dókítà ronú díẹ̀. "Kò sí ohun tó ṣe 'ṣ' yín, bàbá."

Abẹ́rẹ́ mú kí ètè rẹ̀ kú. Ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ nínú agbárí ara rẹ̀, àmọ́ bí ẹni pé ilé kejì ni wọ́n ti ń lu ògiri. Nígbà tí egungun dì, tí wọ́n gbé eyín lé e, ojú kò mọ èyí tó jẹ́ tàtijọ́ yàtọ̀. Ahọ́n nìkan ni kò gbà. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa na ara rẹ̀ síbi tó ṣófo.

Ìyàwó rẹ̀ ló bá a tún un ṣe. Obìnrin náà á dúró sí kíṣìnì, á kọ ẹ̀yìn sí i, á mú páálí ìṣáná lọ́wọ́. Bó bá gbọ́ "ṣẹ́", á ṣẹ́ igi kan. Bó bá gbọ́ "sẹ́", á fi í sílẹ̀.

"Sẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí láti pálọ̀.

Igi ìṣáná kan dún kà.

"Mo ní sẹ́."

Òmíràn dún.

"Ìyá wọn, jọ̀ọ́, fetí sílẹ̀."

"Ohun tí mo gbọ́ ni mo ń ṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ká ríná dá lọ́la, ẹ sọ ọ́ dáadáa."

Páálí tí wọ́n fi ṣòfò kò kéré. Nígbà tó yá, kíṣìnì dákẹ́.

Ẹjọ́ tí akọ̀wé àgbà fún un jẹ́ ti obìnrin alágbàfọ̀ kan. Onílé rẹ̀ ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ sínú ihò ilẹ̀kùn yàrá tó ń gbé. Akọ̀wé àgbà wá jókòó sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ lé itan. Ìbúra lọ geere. Wọ́n béèrè iṣẹ́ obìnrin náà, wọ́n béèrè ibi tó ń gbé. "S" ń jáde lẹ́nu ògbufọ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni kò bi í lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá ka ẹ̀sùn. Ó sọ ọ́ fún obìnrin náà ní èdè tirẹ̀. Obìnrin náà dáhùn ní ṣókí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ògbufọ̀.

"Ó ṣẹ́ ẹ, olúwa mi."

Ó ti mọ́ adájọ́ lára láti máa bá ẹnu yìí tún ọ̀rọ̀ ṣe. "Ó sẹ́," ló wí fún ara rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ó ṣí ojú ewé mìíràn. "Kí onílé lọ mú ẹlẹ́rìí wá. Kí obìnrin yìí máa lọ sílé títí dìgbà náà."

Lẹ́yìn yàrá, akọ̀wé àgbà ti ń dìde. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ògbufọ̀.

Obìnrin náà ṣì ń dúró kí wọ́n sọ fún òun ohun tí wọ́n wí.

Ògbufọ̀ fi àtàǹpàkò kan ètè.

"Olúwa mi, ṣẹ́ ni."

Bírò adájọ́ dúró. "Kí lẹ wí?"

"Kò sẹ́. Ó ṣẹ́ ẹ."

"Ògbufọ̀, ṣé ó sẹ́ ni, àbí ó ṣẹ́?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Akọ̀wé àgbà tún jókòó.

"Ó ní òun ló ṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà, olúwa mi. Eyín mi ti pé."

Adájọ́ wo ẹnu rẹ̀. Ó fa igi lé ohun tó ti kọ. Ó ní kí wọ́n bi obìnrin náà ìdí tó fi ṣe é, ìyẹn sì sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, ògbufọ̀ ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e: pé onílé ní kọ́kọ́rọ́ kejì, pé ó máa ń ṣílẹ̀kùn bá òun láìkan ilẹ̀kùn, ìgbà mìíràn òun ń wọṣọ lọ́wọ́. Òun ṣẹ́ tòun síhò kí tirẹ̀ má baà wọlé mọ́.

Onílé ń wo bàtà ara rẹ̀. Adájọ́ kọ̀wé pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí obìnrin náà pààrọ̀ ohun tó bà jẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ tuntun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ògbufọ̀ sọ ọ́ fún un. Obìnrin náà ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ.

Ẹnu ọ̀nà ni akọ̀wé àgbà ti dúró dè é.

"Bàbá, wọ́n bi yín lẹ́ẹ̀mejì."

"Wọ́n bi mí."

"Ẹ̀yin lẹ fà á. Adájọ́ ti kọ ọ́ kọjá."

"Èmi ni, màdáámù."

Akọ̀wé àgbà wo àwọn akọ̀wé tó ń kọjá. "Gbogbo wọn ló mọ ohun tí mo sọ fún yín. Tí mo bá yí i padà báyìí…"

"Kò sí ìṣòro, màdáámù," ni ògbufọ̀ wí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í sápò, ó sì gba ọ̀nà yàrá fáìlì lọ.