Fọ́tò Tí Uncle Ràṣídì Fi Wá Ìyàwó

Nígbà tí Uncle Ràṣídì kọ́kọ́ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Woolwich, ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò páàsípọ́ọ̀tù. Ó pa ẹnu dé, ó na ọrùn, ó ranjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni pé aṣọ́bodè ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo yà á. Mo ti mú àlùmọ́gàjí láti gé fọ́tò náà kó tó sọ pé, "Auntie Fọlá, ìyàwó ni mo fẹ́ fi wá o."

Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Mo sọ fún un pé fọ́tò yẹn lè mú un wọ orílẹ̀-èdè kan, àmọ́ kò lè mú un wọ ilé obìnrin.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ya fọ́tò. Tẹ́lẹ̀, ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ ìbí ló pọ̀ jù, kí fóònù tó gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Àwọn tó wá kù ni àwọn tó ń wá olólùfẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ti ya ara wọn títí ọwọ́ á fi máa ro wọ́n kí wọ́n tó wá mi wá. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìbàdàn, Bàbá Gbadé, máa ń sọ pé, "Má jẹ́ kí ẹni tó o fẹ́ yà mọ̀ pé o ti bẹ̀rẹ̀. Bá a sọ̀rọ̀ ná." Nígbà yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ sísọ ni bàbá náà kàn fẹ́ràn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Uncle Ràṣídì, Mùsùlùmí, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun àti Rúkà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń gbé ní Moorings ní Thamesmead. Nọ́ọ̀sì ni Rúkà. Wọ́n fún un níṣẹ́ tó dáa ní Manchester, kò sì tíì dá wọn lóhùn, torí kò fẹ́ fi bàbá rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Bàbá náà ní bó bá kọ iṣẹ́ yẹn nítorí òun, òun ò ní dárí jì í. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyàwó ti wọlé nìyẹn.

Rúkà, tó bá a wá sí ṣọ́ọ̀bù, ti ṣí sáìtì ìwá-olólùfẹ́ mẹ́ta sórí fóònù. Ìlú òyìnbó yìí ni wọ́n bí i sí, kì í sọ "ẹ" fún bàbá rẹ̀. Bàbá náà ti gba kámú.

"Daddy, o gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan."

Ti àkọ́kọ́ ló yá jù. Fọ́tò á jáde, bí kò bá wù ọ́, wàá fi ìka gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn á jáde.

"Láì kí i?" Uncle bi í.

"Daddy, wọn ò mọ̀ pé o rí wọn."

"Èmi mọ̀."

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wà fún àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìbéèrè ló ń béèrè kéèyàn tó wọlé. Rúkà ka ọ̀kan sókè: ṣé ó fẹ́ràn kó máa rìn létí òkun nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀? Uncle ronú sí i dáadáa. Ó ní òun máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò yẹn.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta wà fún àwọn Mùsùlùmí tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Níbẹ̀, obìnrin lè fi ẹnìkan láti ilé rẹ̀ sí i, kí onítọ̀hún máa ka gbogbo ohun tí wọ́n bá ń bára wọn sọ. Rúkà ní àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Uncle ní òun mú un.

"Mi ò lè máa bá ọmọ ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó gbọ́."

Mo tún un yà pẹ̀lú fìlà. Ó tún pa ẹnu dé. Wọ́n gbé e síbẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí i. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, òun àti Rúkà padà wá.

"Ẹ tún mi yà, Auntie. Ó jọ pé ojú mi ni kò dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ohun tó kọ sábẹ́ fọ́tò. Ó kọ ọ́ pé òun ní láìsẹ́ǹsì, pé bọ́ọ̀sì òun kò tíì gbá nǹkan kan rí, pé òun kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Rúkà fọwọ́ bojú.

Mo ń tún iná ṣe, mo bi í léèrè pé, "Uncle, ta ló ń lọ aṣọ yín? Ó gún régé."

"Èmi ni. Ìyá Rúkà máa ń ní bí mo ṣe ń wa bọ́ọ̀sì ni mo ṣe ń lọ aṣọ, pé mi ò kì í dúró níbi kọ́là àfi bí ẹnìkan bá tẹ bẹ́ẹ̀lì."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo yà á.

Nígbà tó rí i, ojú rẹ̀ fà ro. "Eyín mi kan ò sí níbẹ̀."

"Kò sí lẹ́nu yín náà, Uncle."

Rúkà gbé e síbẹ̀, ó pa ọ̀rọ̀ láìsẹ́ǹsì rẹ́, ó fi ti aṣọ lílọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó dáhùn ni Sìkírátù, opó kan tó ń gbé ní Plumstead, tó ń bá dókítà eyín ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tó kí i tán, ó béèrè ìgbà tí eyín yẹn yọ, àti bóyá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń dùn ún. Uncle dáhùn ní kíkún. Erìgì ni wọ́n ń sọ lọ́jọ́ kejì, òun náà ni wọ́n ń sọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n Sìkírátù ló ń ka gbogbo rẹ̀ láti ilé tiwọn. Ó fara dà á títí, kó tó kọ tiẹ̀ sí i: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa pàdé ni, àbí kí n kúkú máa kọ́ṣẹ́ eyín lọ?"

Wọ́n pàdé létí odò ní Royal Arsenal, lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì míì, ó kọjú sódò. Sìkírátù sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti múra sílẹ̀ fún ìjákulẹ̀, torí àwọn ọkùnrin tí òun ti pàdé tẹ́lẹ̀, bàbá ẹni tó wà nínú fọ́tò ló ń dé. Àmọ́ ẹni tí òun rí lórí fóònù gan-an ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Mo ti gba ọpẹ́ lóríṣiríṣi nídìí iṣẹ́ yìí. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn.

Ilé ẹ̀gbọ́n náà ni wọ́n ti so yìgì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Rúkà nìkan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ti gba iṣẹ́ Manchester.

"Auntie, ojoojúmọ́ ni Daddy máa ń pè mí, àmọ́ kò pè rárá lánàá. Mo dúró títí."

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí." Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, nínú àwọn sáìtì mẹ́ta yẹn, èwo ni mo rò pé ó dáa fún obìnrin tó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Mo fa àga fún un síwájú kámẹ́rà. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ bí Manchester ṣe rí fún mi ná.