Ojú Ìyá Àgbà Lára Aṣọ Títà

Tí iná bá lọ ládùúgbò wa, tí ẹnì kan sì tan àbẹ́là, òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí n gbádùn ìjókòó. Ilé Màmá Òṣogbo ló máa ń gbé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, àdìrẹ alábẹ́là sì niṣẹ́ rẹ̀: á yọ́ àbẹ́là lórí sítóòfù, á fi yàwòrán sára aṣọ funfun, á rẹ aṣọ náà sínú aró, lẹ́yìn náà á fi omi híhó yọ àbẹ́là kúrò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé nígbà tí mo ń kàwé ní Òṣogbo. Gbogbo aṣọ mi ló ń rùn bí àbẹ́là, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì máa ń bi mí bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń sùn.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó gbé kọ́ sí pálọ̀, ọ̀kan wà tí kì í ṣe títà. Ìyá àgbà ni, ìyá tó bí òun àti ìyá mi. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá àgbà yà láyé, òjò ti bà á jẹ́ nígbà tí òrùlé ilé wa ní Iléṣà jò. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Màmá Òṣogbo jókòó, tó fi ìrántí nìkan ya ojú ìyá rẹ̀: gèlè tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò tíì rín in, ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn etí, bó ṣe máa ń ṣe tí a bá pè é láti ìta. Ìyá mi rí i, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá Òṣogbo pé ṣé kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bíi tàwọn yòókù ni. Ó wò mí bí ẹni pé ara mi ò yá.

"Orúkọ tèmi lára ìyá mi? Ṣé èmi ni mo bí i ni?"

Lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun kan, àlejò kan tó ń ti Igbó Ọ̀ṣun bọ̀ yà sọ́dọ̀ wa. Ó ní òun máa ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì tọrọ àyè láti ya fọ́tò. O mọ̀ wá ní Òṣogbo: ẹni tí kò bá lówó àtira iṣẹ́, a ó jẹ́ kó ya fọ́tò, kó má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Màmá Òṣogbo fúnra rẹ̀ ló gbé ìyá àgbà sítòsí fèrèsé. "Ẹ yà á kó hàn dáadáa o," ló wí. "Ìyá mi ni." Àlejò náà kọ ọ̀rọ̀ dídùn sábẹ́ fọ́tò náà, ó sì dárúkọ ìlú wa. Orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni kò kọ. Inú wa dùn nígbà náà. A ní ayé ti rí ìyá àgbà.

Ìyá mi ń ta aṣọ ní Iléṣà. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí i, a jọ tú ìdì áńkárá tuntun kan tó ti òkèèrè dé. Ó ṣí ọ̀kan, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló figbe ta: "Yèyé mi rèé o! Ojú yèyé mi rèé!" Ìyá àgbà ni wọ́n tò lọ bẹẹrẹ sára aṣọ náà, gèlè wíwọ́, ọwọ́ lẹ́yìn etí, àwọn mìíràn tilẹ̀ dorí kodò. Oníbàárà kan tó dúró níbẹ̀ fọwọ́ pa á, ó ní ó máa dára fún ìbòrí àga. Ìyá mi kò tà á fún un. Ó di gbogbo rẹ̀ padà, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù.

Mo kọ̀wé sí àlejò ọjọ́sí pé fọ́tò tó gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n jí tẹ̀ sára aṣọ. Ojú tì í, ó bẹ̀ wá títí, ó sì sáré yọ fọ́tò tirẹ̀ kúrò. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí a ní pé ọ̀dọ̀ wa ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ wà sì bá a lọ. Mo wá ṣí ojú òpó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún Màmá Òṣogbo, mo ya fọ́tò ojúlówó iṣẹ́ náà, mo gbé e síbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó ni ìkànnì náà fi yọ ìyẹn náà. Wọ́n ní ẹni tó ń ta aṣọ yẹn ti fẹjọ́ sùn pé àwòrán òun la jí.

A lọ bá lọ́yà kan. Ó ní kéèyàn ya fọ́tò iṣẹ́ ọnà láti fi ṣàlàyé rẹ̀ tàbí láti fi kọ́ ọmọ ilé ìwé, ìyẹn ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá tó bá dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kéèyàn tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, kó máa tà á láìgbàṣẹ, olè ni. "Ẹ̀tọ́ yín ni, mà, bí ẹ ò tiẹ̀ kọ orúkọ sí i," ló wí. "Ṣùgbọ́n ta la fẹ́ pè lẹ́jọ́? A ò mọbi tí wọ́n wà. Wọ́n á sì bi yín pé kí lẹ fi mọ̀ pé tiyín ni."

"Ojú ìyá mi ni mo fi mọ̀ ọ́n," ni Màmá Òṣogbo dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Òṣogbo dá ọlọ́kadà dúró ní Ọ̀fàtẹ̀dó, nítòsí Òṣogbo. Áńkárá yẹn ni ọkùnrin náà fi bo ìjókòó ọ̀kadà rẹ̀. Màmá Òṣogbo kò gùn ún. Ó fẹsẹ̀ rìn délé, ó po aró dúdú, ó sì ri ìyá àgbà sínú rẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo bá aṣọ kan lórí okùn tó dúdú kirikiri, tí omi ń kán lára rẹ̀.

"Mo tún ìyá mi sin ni," ó wí. Ó ní kí n pa fọ́tò tó wà nínú fóònù mi rẹ́. Mo pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ewé àti òdòdó nìkan ló ń yà. Kò ya ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo ti bímọ báyìí. Ọmọ mi bi mí bí ojú ìyá àgbà ṣe rí, mi ò sì ní ohun kan tó tọ́ láti fi hàn án. Mo máa ń gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹni kì í sọnù tí òtítọ́ bá ti wà lọ́wọ́ ẹni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pá aṣọ kan nínú áńkárá tí wọ́n fi jí i yẹn wà nísàlẹ̀ àpótí mi, tí Màmá Òṣogbo kò gbọdọ̀ rí. Ara irú aṣọ yẹn nìkan ló kù láyé tí ojú ìyá àgbà wà. Ọwọ́ obìnrin kan lọ́jà ni mo ti rà á, mo sì ná an kí n tó sanwó.