Ẹ̀rọ Orí Òkè àti Lẹ́tà Tí Ẹ Fi Pamọ́ fún Mi

Ó dìgbà, Jósẹ́fù ọkọ mi. Ó dìgbà o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka Ìwé Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí àwọn arúgbó tí kò gbọ́ràn dáadáa pàápàá á máa mi orí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í bu òkèlè kí ẹ má kọ́kọ́ bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?" Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi jọ gbé, ẹ kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí. Èyí nìkan ni mo fẹ́ kọ síbí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí lẹ́tà náà, n kò sì lè fi irọ́ dágbére fún yín.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì wá sórí òkè Ìdànrè, tí wọ́n ri òpó irin gíga mọ́ àpáta, ẹ̀yin ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀, nítorí ẹ ti kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí ẹ ń ṣe sójà. Òwúrọ̀ kùtù lẹ ti ń gun àtẹ̀gùn òkè, ìrọ̀lẹ́ lẹ tó ń sọ̀kalẹ̀. Yàrá ẹ̀rọ náà kò fẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ ní ẹ̀yìn lẹ máa ń fi ti ara ẹ̀rọ kí ẹ lè rí ooru díẹ̀.

Lọ́dún kẹta ni orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ń gbàgbé nǹkan. Ẹ bu iyọ̀ sínú tíì. Ẹ pe Ṣadé ọmọ wa ní orúkọ àbúrò yín tó ti kú. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ẹ dúró níwájú ìjọ pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, ẹ kò mọ ibi tí ẹ kà dé mọ́, ẹ kàn ń wò wá. Mo bi yín pé kí ló ń ṣe yín. Ẹ ní ibà ni.

Àwọn èèyàn ní èyí kọjá ibà, wọ́n ní kí n wo inú ilé. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aládé, a máa fi iṣu àti epo ránṣẹ́ sí wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oko wọn ní Aládé. Èmi tíṣà, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, mo gbà pé inú oúnjẹ yẹn ni ohun tó ń jẹ ọpọlọ yín ti wá. Mo da iṣu náà nù. Nígbà tí ẹbí pé jọ sí pálọ̀ wa, mo sọ ọ́ lójú Ìyá Aládé pé àwọn ló wà nídìí rẹ̀. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n yíjú sí yín, wọ́n ní, "Jósẹ́fù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹ wolẹ̀. Ẹ ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìyá Aládé dìde, wọ́n lọ, wọn kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́ títí di ọjọ́ tí a gbé òkú yín wọlé láti ọsibítù ní Àkúrẹ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí a sin yín, mo ń kó aṣọ yín jọ, mo rí lẹ́tà kan nísàlẹ̀ àpótí, inú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lẹ ká a sí. Dókítà kan ní Ìbàdàn ló kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́rin ṣáájú ìpàdé ẹbí yẹn. Ẹ sọ fún mi nígbà náà pé iṣẹ́ ló gbé yín lọ sí Ìbàdàn. Dókítà náà ní kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tí agbára àìfojúrí tó ń ti ara irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde lè ṣe fún ọpọlọ èèyàn. Òun kò lè búra pé ẹ̀rọ ló fà á, òun kò sì lè búra pé ẹ̀rọ kọ́. Ó ní kí ẹ kúrò nídìí ẹ̀rọ fún ọdún kan, kí ẹ wá padà wá kí òun tún yẹ̀ yín wò.

Ẹ kò kúrò. Ẹ kò padà lọ. Mo lọ bá Sámúẹ́lì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lórí òkè. Ó ní òun mọ̀ nípa lẹ́tà náà, pé ẹ sọ fún òun pé, "Bí ìyàwó mi bá gbọ́, oko kòkó tí mo fi sílẹ̀ ló máa dá mi padà sí." Òótọ́ ni, ọkọ mi. Ǹ bá dá yín padà síbẹ̀, ǹ bá sì bá yín ro ó. Ẹ bá Sámúẹ́lì sọ ọ́, ẹ kò bá mi sọ ọ́. Ẹ jókòó ẹ ń wò mí, mò ń ba orúkọ ọmọ ìyá yín jẹ́, lẹ́tà náà sì wà nínú yàrá kejì.

N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló pa yín. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣu Aládé kọ́.

Mo mú lẹ́tà náà lọ sí Aládé. Mo bá Ìyá Aládé níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó. Mo kúnlẹ̀, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n wá ní, "Àbúrò mi mọ̀, ó sì jẹ́ kí n lọ." Wọ́n sunkún. Wọn kò sọ pé àwọn dárí jì mí. Wọ́n kàn ní kí n dìde kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, gbogbo ẹ̀yin ẹbí àti ìjọ tí ẹ gbọ́ ẹ̀sùn mi, ẹ gbọ́ èyí náà: ọwọ́ Ìyá Aládé mọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n. Jósẹ́fù, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà, mo ti sọ ọ́ nípò yín. Inú mi kò tíì yọ́ sí yín, mo sì ń sunkún yín lójoojúmọ́.

Ẹ sùn re o, ọkọ mi.

Aya yín,
Màmá Ṣadé