Géèmù Tó Mú Kí Wọ́n Wádìí Ojú Mi

Ìgbà kan wà tí odidi ìdílé kan ní Ìdímù ń káàánú mi pé ojú mi ti ń fọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo lè dúró lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa ní Ìgándò kí n máa ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń lọ lójú títì. Ìdílé náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ìdílé ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya ni. Géèmù tí mo ṣe ló fa gbogbo rẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí géèmù náà gba ìyàwó lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú géèmù tó jẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá tí wọ́n ti so ẹ̀rọ géèmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ní ìka, wọn kò ní imú. Igun mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n tò jọ di ènìyàn, bí ìgbà tí bíríkìlà bá fi búlọ́ọ̀kù mọ ènìyàn. Iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n máa fò láti orí nǹkan kan sí orí òmíràn, kí wọ́n já sí kòtò, kí wọ́n kú, kí wọ́n tún dìde. Mo fẹ́ràn wọn ju ẹran Iléyá lọ. Nígbà tí mo dàgbà tí mo kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kan káàkiri ayé ti ń fúnra wọn ṣe géèmù tuntun, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn, tí wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó rí bíi ti àtijọ́. Ó dà bí ẹni tó gbé aṣọ tuntun lọ bá télọ̀ pé kó rán an kó jọ òkírìkà. Orí mi wú. Mo ní èmi náà á ṣe tèmi, Ìkòtún ni yóò sì ti ṣẹlẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ru bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ni mo fi ṣe akọni rẹ̀. Láti ibi ẹ̀rọ omi títí dé ilé wọn, yóò fo gọ́tà, yóò gun òrùlé páànù, yóò yẹra fún ewúrẹ́, omi orí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dànù. Ojú rẹ̀ jẹ́ àmì dúdú kan ṣoṣo. Nítorí pé n kò mọ ẹranko yà, àfẹ́sọ́nà mi ló bá mi ya ewúrẹ́ náà. Lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ ọnà tó tó o láti Abúlé Ẹ̀gbá dé etí òkun.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mi lọ sílé wọn, bàbá rẹ̀ jókòó sórí àga rẹ̀ ní ìkángun yàrá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá, ọmọ Èkìtì, aláwàdà ènìyàn tí kì í fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣeré. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó jẹ́ obìnrin náà wà níbẹ̀. Ìṣẹ̀rí-Olófin ló ń gbé, Màmá Ìṣẹ̀rí ni gbogbo wọn ń pè é, kò sì sí ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìdílé náà tí kì í kọ́kọ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Bàbá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Ǹ bá sọ pé mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, nítorí ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn, ṣùgbọ́n ìgbéraga ọ̀dọ́ kò gbà fún mi. Mo gbé láputọ́ọ̀pù sórí tábìlì, mo ṣí géèmù mi.

“Àwòrán yìí mà dára o,” ni bàbá wí láti orí àga rẹ̀. “Ẹ wo ọmọ yìí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́.”

Ọmọ náà kò ní ẹnu. N kò ya ẹ̀rín kankan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ lọ́kàn mi pé àgbà tó ní ojú inú nìyí, pé ó ti rí ohun tí mo ní lọ́kàn kọjá ohun tí ọwọ́ mi yà. Mo tiẹ̀ ti ń rò ó pé kí n fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tí mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ìparí géèmù náà. Ibi tí mo ti ń rò ó ni Màmá Ìṣẹ̀rí ti dìde, tó sún mọ́ tábìlì.

“Kí ni eléyìí?”

“Ewúrẹ́ ni, mà.”

“Ewúrẹ́ wo? Àpótí ìjókòó ni mò ń rí ní tèmi, àpótí tó hu ìwo.”

Àfẹ́sọ́nà mi gbójú sókè, ó ń wo àjà. Mo ṣàlàyé pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, pé bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan láyé àtijọ́ nìyẹn.

“Ayé àtijọ́ wo?” ni Màmá Ìṣẹ̀rí dáhùn. “Ṣebí èmi ni mo wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ ìgbà yẹn lẹ́sẹ̀ dáadáa.” Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. “Ọmọ mi, ìka mélòó ni mo nà sókè yìí?”

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé ọmọdé kì í wo àgbà lójú korokoro. Mo ti dorí kodò látìgbà tó ti ń bá mi wí, n kò sì mọ bí mo ṣe máa gbójú sókè wò ó tí kò ní dà bíi pé mo rí i fín. Mo fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé mẹ́ta ni, mà. Méjì ni.

A kì í fi ọmọ fún ọkọ láìwádìí ìdílé ọkọ, kò sì sí ẹni tó lè bínú sí ìyẹn. Màmá Ìṣẹ̀rí kò rán alárinà, òun fúnra rẹ̀ ló wá sí Ìgándò. Ọ̀gá tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa ló kọ́kọ́ bi léèrè. Ọkùnrin náà ní ọmọ dáadáa ni mí, àfi pé n kì í rí ènìyàn. Ó ní òun juwọ́ sí mi láàárọ̀, mo kọjá lára òun bí afẹ́fẹ́. Ó ní mo ti forí sọ pátákó iṣẹ́ òun rí, mo sì bẹ pátákó náà pé kó má bínú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Géèmù ni mò ń rò. Ìpele kẹta ló ń dà mí láàmú nígbà náà, níbi tí ọmọ náà ti máa fò láti orí páànù sórí ọkọ̀ tó ń sáré. Màmá Ìṣẹ̀rí wá wọlé kí ìyá mi. Ó rọra ń béèrè ọ̀rọ̀ títí ìyá mi fi sọ, láìfura, pé bàbá wa àgbà lo awò ojú. Bàbá àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó lò ó, ṣùgbọ́n Màmá Ìṣẹ̀rí ti dìde, ó ti rí ohun tó wá.

Ọ̀rọ̀ tó gbé délé ni pé òun kò ní jókòó níbi mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ kankan. Gbogbo wa sì mọ̀ pé bí kò bá ti jókòó, kò sí ìgbéyàwó. Àfẹ́sọ́nà mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó jẹ́wọ́ pé òun gan-an lòun ya ewúrẹ́ náà, kì í ṣe èmi. Màmá Ìṣẹ̀rí gbé ọwọ́ lérí, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

“Ó ti ràn án,” ni ó wí. “Ṣé o rí ohun tí mò ń sọ? Ó ti ràn án.”

Mo lè fi í rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n nígbà náà ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo fẹ́ràn ọmọ náà dénú, mo sì rí i pé mo lè pàdánù rẹ̀ nítorí ewúrẹ́. Bàbá nìkan ló dúró tì mí. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó ń tẹnu mọ́, “àwòrán yẹn mọ́. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ yìí lọ bá dókítà ojú ní Ìkòtún kí ọ̀rọ̀ yìí tán jàre.”

Gbogbo wa lọ. Dókítà náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní kí n ka lẹ́tà tó wà lára pátákó. Mo kà á látòkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ka orúkọ ẹni tó tẹ pátákó náà kún un, nítorí inú ń bí mi díẹ̀. Màmá Ìṣẹ̀rí ní mo ti há a sórí ni. Wọ́n gbé òmíràn wá, mo tún kà á. Inú bàbá dùn débi pé ó dìde.

“Ṣé ẹ rí i báyìí? Ohun tí mo rí lọmọ yìí rí, irú ojú kan náà la ní. Dókítà, ẹ jẹ́ kí èmi náà kà á.” Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó kojú sí ògiri, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wo kàlẹ́ńdà.

“Pátákó wà lápá ọ̀tún yín, sà,” ni dókítà sọ.

“Pátákó wo?” ni bàbá béèrè.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo rántí ohun tí mo ń wá nínú ilé wọn, mo gbé ẹ̀rín náà mì.

Nígbà tí wọ́n bá bàbá ṣe awò ojú tán, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Ìdímù. Màmá Ìṣẹ̀rí ti gbà pé ojú mi ríran, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló tún dá ẹjọ́ tuntun sílẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe ojú, a jẹ́ pé orí ni, wọn kò sì lè fi ọmọ fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń gbè mí lẹ́yìn, ẹni náà sì ti wọ awò ojú. Bí mo ṣe ń ṣí láputọ́ọ̀pù ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Bàbá kò tíì rí géèmù mi rí. Láti ìkángun yàrá yẹn, ojú rẹ̀ tó ti ṣú ló ń po àwọn igun mẹ́rin náà mọ́ra, tó ń sọ wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń sọ wọ́n di ẹ̀rín. Kò sí ojú inú kankan níbẹ̀.

“Ta ló ba àwòrán yìí jẹ́?” ni bàbá béèrè.

“Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́, sà. Bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn.”

“Imú ọmọ yìí dà?”

“Kò ní imú, sà.”

“Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?”

“Kò ní ẹnu náà, sà.”

Màmá Ìṣẹ̀rí ká ọwọ́ sí àyà, ó ń dúró de ìdájọ́. Bàbá bọ́ awò náà, ó wo géèmù, ojú rẹ̀ tú ká. Ó tún wọ̀ ọ́, ó fajú ro. Ó bọ́ ọ, ó wọ̀ ọ́, ó tún bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló nà án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ fi èyí wò ó.”

“Kí ni n ó fi awò ṣe? Èmi tí mo fi òwú sí abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí?”

“Ẹ ṣáà bá mi fi wò ó, ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Awò tó la ojú bàbá, ńṣe ló fọ́ Màmá Ìṣẹ̀rí lójú. Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń wá ògiri, ó wá tábìlì kàn, ó tẹjú mọ́ géèmù. Gbogbo búlọ́ọ̀kù wa ti yọ́ mọ́ra wọn lójú rẹ̀. Ewúrẹ́ náà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé kan, ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀.

“Ewúrẹ́ ni,” ni ó wí jẹ́jẹ́. Ó tún wò ó díẹ̀. “Ó nírùngbọ̀n.”

Àfẹ́sọ́nà mi bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Ìṣẹ̀rí kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò náà, ó dì í mú lọ́wọ́.

“Ọkọ mi ò ríran mọ́ kó tó kú,” ni ó sọ. “Ẹ̀yin ọmọdé ò mọ̀ ọ́n. Bí ayé ṣe ṣú lójú mi báyìí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣú lójú tiẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi ni mò ń fà á lọ́wọ́ lọ síbi gbogbo. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí fa ọkọ lọ́wọ́.”

Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó ní kí n lọ wá imú fún ọmọ inú géèmù yẹn, kí n sì sọ fáwọn ará ilé mi pé wọ́n lè máa bọ̀. Mo fún un ní imú, igun mẹ́rin kan ṣoṣo, ó sì wà lójú rẹ̀ dòní.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. A ti fẹ́ra, géèmù náà ti jáde, àwọn kan ń gbá a níbi tí ẹsẹ̀ mi kò dé rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ mí dolówó. Nígbà náà, mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà là ń jà lé lórí, pé àwọn àgbà kò lóye mi. Màmá Ìṣẹ̀rí kò tiẹ̀ bìkítà nípa géèmù. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ, ó sì bi mí bó ṣe mọ̀ ọ́n bi.

Bó bá ń bọ̀ wá kí wa ní Ìgándò, èmi ni mo máa ń lọ pàdé rẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá dé ibi gọ́tà, yóò na ọwọ́ sí mi láìwò mí, yóò ní ọ̀nà àdúgbò wa ló burú. Mo máa ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà, ọ̀nà wa burú gan-an ni, a ó sì jọ máa lọ díẹ̀díẹ̀.