Rélùwéè Tí Kì Í Dúró ní Ìfọ̀

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi Àkànní lọ sí Ìlú Òyìnbó ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ìbàdàn ló ti wọ rélùwéè ayára tó ń kó èrò lọ bá ọkọ̀ òkun ní Àpápá. Kì í dúró ní Ìfọ̀ wa, nítorí náà ó kọ̀wé pé òun yóò fi áńkáṣíìfù funfun juwọ́ sí wa lójú fèrèsé.

Láti àárọ̀ ni èmi àti Màámi ti dúró lẹ́bàá ojú irin. “Ọmọ kì í lọ ìrìn àjò kí ìyá rẹ̀ má ki oríkì rẹ̀,” ni wọ́n wí.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ mì tìtì. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ pe “Àkànní” ni rélùwéè ti kọjá tán. N kò rí áńkáṣíìfù kankan. Màámi kò dákẹ́. Wọ́n ki oríkì náà títí dé òpin, fún irin lásán.

Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà dé, mo kà á fún wọn. Apá kejì rélùwéè, tí kò kọjú sí wa, ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí. Oko ẹ̀gẹ́ ló juwọ́ sí, ó rò pé a wà níbẹ̀. Ó ní ṣé a rí òun.

Màámi ní kí n mú ìwé wá.

“Kọ ọ́ sí i pé a rí i dáadáa.”